Ìdọ̀bálẹ̀ Ọmọ Estóníà

Bàbá tó bí mi ò tíì kú o, kí ẹnikẹ́ni má bá mi kẹ́dùn. Wọ́n wà ní Lalupon níbẹ̀, koko lara wọn le. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń jókòó sórí àga àwọn àgbà ìjọ, tí wọ́n ń gbàdúrà débi pé àwọn ọmọdé á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á tún sùn. Ọ̀kan nínú àwọn àdúrà wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀, torí náà bí mo bá jágbe láàárín ọ̀rọ̀, ẹ forí jì mí.

Èmi ni Àbíkẹ́. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìyànà Ọ̀fà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń pè mí ní àkọ́bí Ọládòṣù, mo sì ń jayé orí mi bí àkọ́bí, títí di oṣù keje ọdún 1996. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù náà, a ti jáde níbi iṣẹ́, mo ń ra búrẹ́dì lẹ́bàá títì, ni mo rí i tí àwọn èèyàn ń sáré. Wọ́n ní òyìnbó kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pé nígbà tó nàró tán, orí ẹ̀ ga ju òrùlé bọ́ọ̀sì lọ. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo tẹ̀lé wọn lọ wò ó, torí èmi náà fẹ́ràn ìran.

Irọ́ kọ́. Ọkùnrin náà ga bí òpó iná, ó ń tiro, ó sì de nǹkan onírin kan mọ́ orúnkún ọ̀tún lórí ṣòkòtò. Kì í ṣe òyìnbó tán, kì í ṣe dúdú tán. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn: "Lalupon. Ọládòṣù." Nígbà tó yíjú sí ibi tí mo wà, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi. Yéè! Iwájú orí bàbá mi rèé. Èjí bàbá mi rèé. Etí wọn tó yọ síta, tí àwa ọmọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níkọ̀kọ̀, òun náà rèé lórí òyìnbó. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì wò ó, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ kí èèyàn yín o."

Mo mú un lọ sí yàrá tí mo háyà. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wa lò. Toomas lorúkọ ẹ̀. Ará Estóníà ni, orílẹ̀-èdè kékeré kan tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Leningírádì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìyá ẹ̀, tí òun náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Bàbá ní kí obìnrin náà dúró, pé àwọn ń lọ tún ilé ṣe, àwọn á padà wá mú un. Obìnrin náà gbé oyún lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ nítòsí ìlú Tartu, ó sì dúró lóòótọ́. Apá tó kù, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Bàbá dé sí Lalupon, wọ́n ríṣẹ́ ìjọba, wọ́n fẹ́ ìyá mi, wọ́n bí mi. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé wọ́n lọ sí Rọ́ṣíà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú ìwàásù pé Ọlọ́run pa àwọn mọ́ láàárín àwọn aláìgbàgbọ́. Pípamọ́ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.

Toomas fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Mo ní màá máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ torí ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún un. Ó ní irú ẹ̀ wà nínú èdè àwọn náà, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n ń lò ó fún, òun ò sì wá ṣàlejò. Ìdí tí mo fi ń pè é ní "ó" nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé.

Bọ́ọ̀lù niṣẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá o. Básíkẹ́tì ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí wọ́n so sókè. Ìyá ìyá ẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà lóko, láàárín ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀dùnkún. Ní gbogbo abúlé yẹn, òun nìkan ni àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Tí òtútù bá dé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ á gbá a mú, wọ́n á fi yìnyín bó o lójú, wọ́n ní àwọn ń wò ó bóyá dúdú ẹ̀ á ṣí. Nígbà tó ga ju tíṣà ẹ̀ lọ, ìjọba mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ rí i pé tí bọ́ọ̀lù bá ti wọnú àwọ̀n, kò sẹ́ni tó ń ráyè wo àwọ̀ ara ẹni tó jù ú. Ó bá ń jù ú, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí Estóníà kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà, ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè wọn. Ó ní nǹkan le fún gbogbo ìlú nígbà yẹn, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a tutù débi pé bí wọ́n bá mí, èéfín ló ń jáde lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn díje nílé wọn, àwọn òǹwòran á máa ké bí ọ̀bọ tó bá ti gba bọ́ọ̀lù. Mo ní, "Kí lo wá ń ṣe?" Ó ní òun á jù ú wọlé, òun á sáré padà sẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ohun tó gbé e wá rèé. Láyé Rọ́ṣíà, tí wọ́n bá fẹ́ pe èèyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, orúkọ bàbá ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún tiẹ̀. Wọ́n á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n á ní "Toomas," wọ́n á dákẹ́. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìdákẹ́ yẹn. Ó ní, "Mo fẹ́ kí bàbá mi pè mí lọ́mọ ẹ̀ lójú èèyàn, kó sì sọ mí lórúkọ. Kò ju ìyẹn lọ."

Ọ̀rọ̀ orúnkún ńkọ́? Lọ́dún tó ṣáájú ló fò sókè níbi eré, ó wá balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, orúnkún já. Àwọn dókítà ní Fínlándì rán an. Ẹgbẹ́ kan ní Jámánì ti ní kó máa bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti bá ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ fún un: kò gbọ́dọ̀ fò, kò gbọ́dọ̀ lóṣòó, kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ títí dìgbà náà. Tó bá tún já, kò sí rírán mọ́, bọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn. Nígbà tó ń sinmi ẹsẹ̀ yìí ló ráyè wá wa.

A lọ sí Lalupon lọ́jọ́ kejì. Bàbá wà níwájú ilé pẹ̀lú Àǹtí Mùjíbátù, àbúrò wọn obìnrin. Toomas tiro dé ọ̀dọ̀ wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ kó lè bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tiẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Mùjíbátù fò dìde. "Háà! Ó na ọwọ́ sí wọn! Ọmọ nàró gangan lé bàbá lórí, ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gba ṣéńjì!" Bàbá ò gba ọwọ́ náà. Wọ́n ń wò ó ṣáá, ọwọ́ sì wà nínà níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n sọ èdè Rọ́ṣíà, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, Toomas dáhùn, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Ó wá ká ọwọ́ ẹ̀ kò.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé kí ni wọ́n jọ sọ. Ó ní, "Ó béèrè bóyá ìyá mi ti kú. Mo ní rárá. Ó ní kí ni mo wá ń wá kiri nígbà náà."

Wọn ò kúkú lè sẹ́ ẹ. Ojú ẹ̀ ò gbà. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo Lalupon ti wá wòran tán, ẹni tó bá wò ó á wo Bàbá, á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì bọ́ sákòókò burúkú, torí pé ìjọ ń múra láti fi Bàbá jẹ Bàbá Ìjọ. Bàbá wá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé àwọn làgbà. Wọ́n ní kí ẹbí jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá gbà pé àwọn ni bàbá òun, kó wá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, kó wá fi tàwọn parí ẹ̀. Àwọn á sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀.

Mo ṣàlàyé orúnkún. Mo ṣàlàyé dókítà, mo ṣàlàyé Jámánì. Mo ní tẹ́nìkan bá ń ṣàìsàn, ṣebí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ tó fọwọ́ kanlẹ̀, a máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Bàbá ní, "Ṣé orúnkún ló bí i ni, àbí èmi?"

Àǹtí Mùjíbátù rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹni tó ń fò sójú ọ̀run ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀! Ilẹ̀ ló wá jìn sí i!"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀ ni." Wọ́n ní eré ọmọdé kì í ṣe iṣẹ́, pé tí ẹsẹ̀ bá dá a dúró, kó wá kọ́ iṣẹ́ oko.

Mo sọ fún Toomas pé kó má dá wọn lóhùn, kó máa lọ sílé. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ṣe é fún un lórí ẹní. Ó ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó?" Mo ní títí àgbà á fi ní kó dìde, pé ọmọ tó bá mọ ìwà hù kì í gbórí sókè kí wọ́n tó ní kó dìde. Ó gbìyànjú ẹ̀ wò. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi tilẹ̀, ó wá rọra na ara ẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ò ká rárá. Ó wò mí látilẹ̀ níbẹ̀, èjí ẹ̀ yọ. Ó ní, "Mo lè ṣe é. Màá gba méjèèjì." Bọ́ọ̀lù àti orúkọ ló ń sọ.

Sátidé dé. Wọ́n lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìta kún. Toomas bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn àgbà bó ṣe kọ́ ọ: ọwọ́, àyà, ẹsẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n ní kó dìde, ó dìde, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ó ń lọ dáadáa. Nígbà tó kan Àǹtí Mùjíbátù, wọ́n ní àyà ẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó tún un ṣe. Wọ́n ní ó ń ṣe é bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó tún un ṣe. Mùnírù ọmọ wọn dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sín in jẹ, ó ń tiro kiri, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Òógùn bo Toomas, irin orúnkún yẹn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wò mí, ó ń mi orí pé kò sí nǹkan kan.

Ó wá kan Bàbá. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ tilẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì sọ èdè Rọ́ṣíà sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa yòókù, kó lè dùn mọ́ wa. "Mo ní kó má fọwọ́ tilẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Kó wólẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin."

Toomas nàró. Ó wo bàbá wa. Mo pariwo, "Má ṣe é!" Ó mí kanlẹ̀, ó wólẹ̀.

Mo gbọ́ orúnkún náà. Ó dún bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́. Ojú ẹ̀ wà nílẹ̀, kò ké, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń họ sìmẹ́ńtì. Ó ń retí pé kí wọ́n ní kí òun dìde.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn mi ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ! Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ gbórí! Ẹ̀jẹ̀ Ọládòṣù ni lóòótọ́!" Ìyá kan ń nu omijé. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí sáàárín òyìnbó, ó tún wá mọ ìwà hù ju àwọn tí à ń tọ́ nílé lọ.

Mo sáré bọ́ síwájú. Mo ní, "Orúnkún ẹ̀ ti já! Ẹ gbé e!"

Bàbá ní, "Àbíkẹ́, pa ẹnu ẹ dé. Owú ló ń jẹ ọ́, torí pé ìwọ kọ́ làkọ́bí mọ́." Ni àwọn obìnrin bá dì mí mú. Wọ́n ní ó tó, ó tó, ẹ̀gbọ́n ẹ ni, má jowú. Mo ń jà, mo ń bú wọn, bí mo ṣe ń jà ni wọ́n ń rí owú.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wọn lọ sí Rọ́ṣíà tó mú wọn bọ̀. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Wọ́n gbàdúrà fún ìjọ, fún ìjọba, fún òjò àti àgbàdo tó wà lóko. Àmín. Wọ́n dojú kọ àwọn ọ̀tá tó ní ìtìjú ni yóò gbẹ̀yìn wọn, àwọn yẹn gan-an wá pẹ́ nínú àdúrà. Orúnkún Toomas ń wú lójú mi, ṣòkòtò ẹ̀ ti fún mọ́ ọn pinpin. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí wàyí, wọ́n ní, "Ọmọ mi ni ọ́. Orúkọ rẹ ni Ọlọ́runyọmí." Gbogbo ìta pe orúkọ náà.

"Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde. Wọ́n tún un sọ. Kò dìde. Ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn pé, "Kò fẹ́ dìde, ó fẹ́ gba àdúrà sí i ni!" Ìta rọ́ fún ẹ̀rín. Ṣé ẹ rò pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó? Inú wọn dùn, wọ́n tún gbé àdúrà mìíràn. Ọjọ́ yẹn ni mo kórìíra ohùn wọn, títí di òní ni mo ṣì kórìíra ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, Toomas gbé ojú sókè. Ojú ẹ̀ ti di eérú. Ó sọ gbólóhùn kan fún Bàbá ní èdè Rọ́ṣíà, èyí tó túmọ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò lè dìde, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu Bàbá. Mùnírù àti àwọn ọ̀dọ́ kan gbé e lábíyá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò bá ara yòókù lọ.

Àǹtí Mùjíbátù ló kọ́kọ́ ké. "Ó ṣubú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Ẹ̀gbọ́n, àmì burúkú gbáà ni! Ó fẹ́ kó bá ilé wa!"

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà. Mo rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n nu ọwọ́ tí wọ́n gbé lé e lórí mọ́ aṣọ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e kúrò níwájú ilé mi. Mo pe orúkọ Ọlọ́run lé e lórí, orí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Mo gba orúkọ náà padà. Mi ò bí arọ."

Àwọn kan ṣe àmín. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé gàrí lọ sí Ìbàdàn ló gbé wa. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi lórí àwọn àpò. Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì sọ òótọ́ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: á rìn, ó lè lo ọ̀pá, ṣùgbọ́n kó gbàgbé fífò. Toomas mi orí. Ó ti mọ̀ látìgbà tó ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí dókítà jáde, ó ní kí n pe orúkọ náà fún òun. Ariwo pọ̀, òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní Ọlọ́runyọmí. Ó ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ló yọ mí nínú ewu. Ó pè é, kò dáa, mo tún un pè, ó tún un pè, títí ó fi bọ́ sí i. Èjí ẹ̀ yọ. Ó ní, "Jámánì ti lọ. Ṣùgbọ́n mo gba èyí."

Ó wò mí. "Bàbá tún sọ̀rọ̀ kan nígbà tí wọ́n ń gbé mi lọ, tí wọ́n sì ṣe àmín sí i. Kí ló sọ?"

Ó ṣe mí bíi kí n parọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni bàbá wa ti fi tọ́ ọ láti inú oyún, mi ò lè fi tèmi kún un. Mo sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe jẹ́ gan-an, pẹ̀lú àmín ẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì yíjú sí ògiri. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó ní kí ni àwọn á máa pe aláìsàn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Toomas."

Nọ́ọ̀sì ní, "Toomas ta ni?"

Ó ní kò sí òmíràn.